Ohùn Orin, Ohùn Ọ̀rọ̀: Àwọn Ọ̀dọ́ Akọrin Ọ́pẹ́rà àti Orin Yorùbá

Ìfáárà

Ó ti di àṣà ní ìlú Èkó pé kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ orin ọ́pẹ́rà jáde síwájú àwùjọ láti fi ohun tí wọ́n kọ́ hàn. Ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1989, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà ní Oníkan sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí irú àṣálẹ́ orin bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Ètò àwọn àṣálẹ́ wọ̀nyí kì í sábà yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn. Orin adákọ láti ọwọ́ Handel, Mozart àti Puccini ni ó máa ń ṣíwájú, ní èdè Ítálì, ti Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ ni orin Yorùbá kan tàbí méjì yóò tó dé, gẹ́gẹ́ bí ìpanu lẹ́yìn oúnjẹ gidi.

Orin Yorùbá kan tàbí méjì yìí ni iṣẹ́ lámèyítọ́ yìí dá lé lórí. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ akọrin wọ̀nyí ní ohùn tí ó ṣeé fi yangàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé orí èdè tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń sọnù mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Ó kan àwọn tí ń kọ́ wọn lórin, ó sì kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú.

Ohun tí ó yẹ fún ìyìn

Ó tọ́ kí ìyìn ṣáájú àléébù. Ọ̀dọ́ tí ó dúró síwájú àwùjọ láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ohùn rẹ̀ sì dé etí ẹni tí ó jókòó ní ìlà ìkẹyìn, ti ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ni èémí. Akọrin ní láti mọ bí a ti ń fa èémí sínú, bí a ti ń ṣọ́ ọ ná, àti bí a ti ń gbé ohùn lé e lórí kí ọ̀nà ọ̀fun má baà há. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta. Ọdún ni wọ́n fi ń kà á.

Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Oníjàlá tí ń sun ìjàlá ní ìta gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ohun tí ó wí, èémí ni òun náà ń ṣọ́ ná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyàwó tí ń sun ẹkún lọ sí ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ẹrù ọ̀rọ̀ ni ohùn ń rù. Bí oníjàlá bá ní ohùn iyọ̀ ṣùgbọ́n tí oríkì kò já geere lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó lọ láìbá a wí. Ní gbọ̀ngàn ọ́pẹ́rà, dídùn ohùn nìkan tó láti gba àtẹ́wọ́. Ibi tí òṣùwọ̀n méjèèjì yìí ti pàdé ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè náà ní: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, àti pé ohùn ni ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú àwọn olórin nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1953. Àpẹẹrẹ ohun tí ó yẹ kí olórin sá fún ti wà ní ilé ìjọsìn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì gbé e. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìjọ sì ń kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ àfi fún ẹni tí ó ṣí ìwé orin lọ́wọ́.

Àwọn aṣẹ̀dá-orin tí ó tẹ̀lé e gba ẹ̀kọ́ náà. Nínú orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà tí Akin Euba ṣètò fún ohùn àti dùùrù ní ọdún 1959, ohùn orin tí àwọn ará ilé ti mọ̀ ni ó dì mú, dùùrù ni ó fún láyè láti rìn gbẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kú ní ọdún 1976 láìtíì pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nínú àwọn orin adákọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àdúrà fún Àlàáfíà, tí ó ṣẹ̀dá ní ọdún 1969 nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Àdúrà ni orin náà. Bí àwùjọ kò bá gbọ́ ohun tí ẹni tí ń gbàdúrà ń tọrọ, bí dùùrù ti wù kí ó dùn tó, apá kan orin náà ti dànù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọnù

Bí aṣẹ̀dá-orin bá ti jẹ́ kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Ọwọ́ akọrin ni ìdajì kejì wà, ibẹ̀ ni àléébù sì pọ̀ sí. Mẹ́ta nínú wọn nìyí.

Èkínní jẹ mọ́ fáwẹ̀lì. Bí ohùn akọrin bá ti ń gòkè, pàápàá ohùn obìnrin, ìlànà ìkọrin àwọn ará Ítálì ń kọ́ ọ pé kí ó la ẹnu sí i, kí ohùn lè jáde láìfún. Ní ọ̀nà yìí, fáwẹ̀lì àhánudíẹ̀pè ń fà sí àyanudíẹ̀pè: o ń di ọ, e ń di ẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: Ìlú wa tòrò. Bí aṣẹ̀dá-orin bá ṣe ojúṣe rẹ̀, orin yóò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí akọrin bá la ẹnu jù, tí aṣẹ̀dá-orin náà kò sì jẹ́ kí orin sọ̀kalẹ̀ tó, ohun tí àwùjọ yóò gbọ́ ni: Ìlú wa tọrọ. Ìlú tí ó wà ní ìrọ̀rùn ti di ìlú tí ń ṣagbe.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìró aránmúpè. Fáwẹ̀lì ni wọ́n kọ́ akọrin ọ́pẹ́rà láti máa gbé ohùn lé. Kọ́ńsónáǹtì kàn ń kọjá lọ wéré ni. Ṣùgbọ́n ní èdè Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì aránmúpè lè dá dúró bí sílébù, kí ó sì ní ohùn tirẹ̀. Akọrin tí ó bá fo sílébù yìí nínú Ọmọ ń sùn ti sọ pé Ọmọ sùn. Ohun tí ń lọ lọ́wọ́ ti di ohun tí ó ti parí. Fáwẹ̀lì aránmúpè náà kò gbẹ́yìn. Nítorí kí ohùn má baà gba imú, akọrin ń yọ ìránmú kúrò pátápátá, ikún tí ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú oko sì di ikú.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì le jù, ni yíyọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ akọrin kì í bọ́ sórí ohùn tààrà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ gòkè, wọ́n sì gbà pé ẹwà ni. Ní èdè tí kò lo ohùn fún ìtumọ̀, ẹwà lásán ni lóòótọ́. Ní èdè Yorùbá, ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: òun ni etí Yorùbá ń gbọ́ nígbà tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, akọrin tí ó yọ́ gòkè lórí sílébù kejì nínú ìlù ti pe ìlú. Ó fẹ́ kọrin nípa bàtá, ìjọba ìbílẹ̀ ni àwùjọ ń rò. Gbígbọ̀n ohùn tí ó bá fẹ̀ jù ń dá kún un, nítorí ó ń bo àlàfo tí ó wà láàrin ohùn kan àti èkejì mọ́lẹ̀.

Àwíjàre àti èsì rẹ̀

Àwọn kan lè wí pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, àti pé nínú orin ìbílẹ̀ pàápàá, ohùn orin a máa yà kúrò lára ohùn ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin ìbílẹ̀ ni gbogbo ìlú ti mọ̀. Ìmọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń dí àlàfo náà. Orin Bánkọ́lé kò tíì ní irú àǹfààní yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwùjọ yóò gbọ́ ọ.

Àwọn mìíràn lè wí pé bí ọ́pẹ́rà ti rí nìyẹn, ọ̀rọ̀ kì í hàn nínú rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fún wọn lésì. Ní ọdún 1963 ni ó gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, ó sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Ọ́pẹ́rà ìbílẹ̀ ni àwọn òyìnbó pe irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí orúkọ náà bá a mu ni pé orin, ìsàré, ìlù àti ijó ni ó gbé ìtàn Ṣàngó ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, àwọn ará Òṣogbo gbọ́ oríkì ibẹ̀ yékéyéké. Àwọn ará Berlin kò gbọ́ èdè, wọ́n gbádùn ohùn. Àwọn ará ilé gbádùn méjèèjì. Èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún akọrin tí ń kọ orin Yorùbá ní Oníkan: kí ó má ṣe jẹ́ pé bí ará Berlin ti gbọ́ ọ ni ọmọ Yorùbá náà ṣe ń gbọ́ ọ.

Orísun ìṣòro náà

Kí ọ̀dọ́ akọrin tó kọ orin Mozart ní èdè Ítálì, wọ́n ti kọ́ ọ bí fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, wọ́n sì ti mú kí ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè láìkọ ọ́ lórin. Bí ó bá kan orin Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ wọn. Ìwé orin tí ó wà lọ́wọ́ wọn kì í sábà ní àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tàbí ọkọ́ ni ó wà nínú ìwé kò lè mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ.

Lámèyítọ́ pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sábà máa ń kọ lórí irú àṣálẹ́ orin bẹ́ẹ̀ ni pé ohùn dùn, pé aṣọ dára, pé àwùjọ dìde láti pàtẹ́wọ́. Wọn kì í bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ gbọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, kí ni yóò mú akọrin bìkítà?

Ìkádìí

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin tí ohùn wọn ń mú ìrètí wá wọ̀nyí, òkè-òkun ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Èdè Yorùbá tí wọ́n bá kó lọ ni ayé yóò gbọ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe. Kí ìwé orin Yorùbá má ṣe jáde mọ́ láìní àmì ohùn. Kí akọrin máa ka ọ̀rọ̀ orin sókè fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa kí ó tó kọ ọ́. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní àwọn yunifásítì sì jọ máa jókòó, nítorí ìmọ̀ nípa fáwẹ̀lì àti ohùn tí àwọn onímọ̀ èdè ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì gan-an ni akọrin nílò lórí ìtàgé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohùn àwọn ọmọ náà kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ tí ohùn náà gbé ni ó kù kí àwọn àgbà bá wọn tún ṣe.