Òwúrọ̀ kùtù là ń lọ wo ọkọ̀ oní-dísù

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ oní-dísù láti fi kó ọjà, kó tètè jí lọ wò ó, kí ẹni tó ń tà á tó ṣáná sí i. Búrẹ́dì ni mò ń kó láti Ìbàdàn lọ sí Ìṣẹ́yìn, èmi náà ni mo sì ń fúnra mi ra ọkọ̀ tí mo fi ń kó o. Bí mo bá ti dé ìdí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn. Bó bá ti gbóná, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti ṣáná sí i dè mí. Màá kí wọn dáadáa, màá ní ó di àárọ̀ ọ̀la.

Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti pẹ́tírólù. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ni písítìnnì ń fún mọ́ra títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú 20, tí ooru rẹ̀ á kọjá ìwọ̀n 500 Celsius. Bí nọ́súlù bá wá fọ́n dísù sí i, iná sọ nìyẹn. Bí rìǹgì písítìnnì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ á máa sá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò ní gbóná tó, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí lásán láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan náà lè gbaná wẹ́rẹ́ lọ́sàn-án bó bá ti gbóná. Bí hítà tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó gbaná bá jó, ó lè fa irú ìṣòro yìí náà, hítà kò sì wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Bó bá ti gbaná, èéfín ló kàn. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ tó sì tètè lọ kò burú. Bí kò bá lọ, tí omi ráídétọ̀ sì ń dín kù, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú kì í lé mi sá, torí ó lè jẹ́ nọ́súlù tàbí fílítà afẹ́fẹ́, méjèèjì ló ṣe é tún ṣe. Ọ́ìlì dúdú náà kì í bà mí lẹ́rù, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù kì í pẹ́ dúdú lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́, màá sì na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ ò burú. Bó bá ń tú jáde bí èéfín ààrò, tó ń ti ọwọ́ mi padà, ẹ́ńjìnnì yẹn ti jẹ tán nínú, iye yòówù kí wọ́n pè é.

Nínú gbogbo ọkọ̀ oní-dísù, 207 ti Mercedes-Benz ni ààyò mi, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1977, kí Sprinter tó gbapò rẹ̀ ní 1995. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ lítà 2.4, ṣéènì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tó lè já lójijì kó sì ba fáàfù jẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú pọ́ǹpù rẹ̀. Bí dísù bá tán lójú ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù, lẹ́yìn tí a bá ti rọ òmíràn sí i, a ó tú nọ́ọ̀tì orí fílítà díẹ̀, a ó máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ńlá. Ìfófòó ni yóò kọ́kọ́ yọ, yóò máa hó wúrúwúrú, títí dísù gidi á fi máa ṣàn gééré. A ó dì í padà, ọkọ̀ á tún gbéra. Ẹni tó ronú kan èyí mọ̀ pé ọkọ̀ lè dákú níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn àfi dẹ́rẹ́bà, inú mi sì máa ń dùn sí ọgbọ́n yẹn ní gbogbo ìgbà.

Ẹ́ńjìnnì ṣe é pààrọ̀ ní Ládìípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Ṣaṣí tó ti dípẹtà ni kí ẹ sá fún. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án lábẹ́, irin tó yè á dún ganran, èyí tí wọ́n lẹ̀ bò kò ní dáhùn. Kí nọ́ńbà ara ṣaṣí sì bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu.

Dísù wọ́n, n kò ní tàn yín. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí pẹ́tírólù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó dísù ju ìlọ́po mẹ́ta ti pẹ́tírólù lọ. Àlàfo àárín wọn ti dín kù báyìí, àmọ́ ẹni tó ń gbé páálí fúyẹ́fúyẹ́ káàkiri ìgboro, kó ra oní-pẹ́tírólù. Ẹrù tó wúwo àti ọ̀nà jíjìn ni dísù wà fún.

Ẹ má sì dá lọ wò ó. Mẹkáníìkì dísù ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe ti pẹ́tírólù, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ẹ tó jáde nílé, iye kan náà, yálà ẹ ra ọkọ̀ náà tàbí ẹ ò rà á. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá rà á nìkan ni yóò rówó gbà, ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni yóò máa gbè.