Nígbà tí ìjọba sọ Marx di àkọ́sórí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà kan, láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìperindó ni mo ti ń tún àwọn ìwé tí mo fi kọ́ yín kà. Ti Paulin Hountondji ni mo parí lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Paris ní 1976, tí ẹ̀yin mọ̀ sí African Philosophy: Myth and Reality. Nígbà yẹn, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń pe ìgbàgbọ́ gbogbo ìlú ní fìlọ́sọ́fì nìkan la gbájú mọ́. A fo ibi kan tó mú gan-an.

Ẹ wo ibi tó ti ń kọ́ni. Kérékou gbàjọba ní Dahomey ní 1972. Ní oṣù Kọkànlá 1974, ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìjọba yóò tọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, orúkọ ìlú di Benin. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, ìyẹn "ó ti yí padà" lédè Fọn. Iṣẹ́ ìjọba ń dúró de ẹni tó bá gboyè ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba fẹ́ gbà padà ni pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ náà bó ṣe wà, kó má bi í léèrè.

Hountondji kì í ṣe ọ̀tá Marx o. Ohun tó ní ká ṣe ni pé ká ka Marx fúnra rẹ̀, ká bá a jiyàn, ká má kàn gba èyí tí ẹlòmíràn ti là fún wa. Ṣebí Marx náà bá Hegel jiyàn? Agbára ìwé náà nìyẹn: ìjọba tó bá sọ ìwé di àkọ́sórí ti pa ìwé ọ̀hún.

Àléébù rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé ló kún inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, tí iṣẹ́ àti owó ìrànwọ́ dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló fẹ̀hónú hàn ní 1985. Àwọn náà ló kọ̀ láti wọ kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1989, kí tíṣà àti òṣìṣẹ́ tó dára pọ̀ mọ́ wọn. Kí ọdún náà tó parí, Kérékou pa Marx tì. Ọ̀rọ̀ ikùn ló ṣe ohun tí àríyànjiyàn kò lè dá ṣe.

Ó ku ohun kan. Èmi náà ṣe ìjọba kékeré nínú kíláàsì mi. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi nípa Marx ni mo fún ní máàkì tó ga. Ẹnì kan nínú yín bá mi jiyàn nínú ìdánwò, ojú ìwé mẹ́fà gbáko. Mo kọ "kò dáhùn ìbéèrè" sí i, mo sì fún un ní máàkì tí kò ju kó má fìdí rẹmi lọ.

Bí o bá ń ka èyí, o mọ ara rẹ. Ìwọ lo dáhùn ìbéèrè náà. Má bínú.