Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá ti fìdí rẹmi, ariwo kan náà ni ẹ ó gbọ́ láti Ìbà títí dé Okokomáíkò: "Ẹ lé kóòṣì lọ!" Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì yóò sọ ọ́, awakọ̀ dánfó yóò gbè é lẹ́sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ yóò fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò sọ pé kóòṣì kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o. Ohun tí mo ń bá wí ni àsìkò tí a ń lé e, àti bí a ṣe ń fa ilé tí ẹnì kan kọ́ lé ẹni tí kò mọ ibi tí òpó wà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Shaibu Amodu. Ní ọdún 2001, nígbà tí ọ̀nà Nàìjíríà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fẹ́ dí, òun ni wọ́n pè. Ó tún ọ̀nà náà ṣe, a sì yege. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ó kó ẹgbẹ́ náà lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, wọ́n sì gba ipò kẹta. Lẹ́yìn ipò kẹta yìí ni wọ́n ní kí ó máa lọ. Adégbóyè Onígbìndé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà, nítorí òun ló mú Nàìjíríà dé ipò kejì ní Áfíríkà ní 1984. Àmọ́ oṣù díẹ̀ ni wọ́n fún un. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tí a gbá ní Japan, àmì kan ṣoṣo la rí mú bọ̀ wálé.

Ó yẹ kí a ti kọ́ ọgbọ́n. Ní 2008, wọ́n tún pe Amodu. Ó tún mú wa yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2010. Ó tún gba ipò kẹta ní Áfíríkà, ní Angola. Wọ́n tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Lars Lagerbäck, ará Sweden, nígbà tí ìdíje ku oṣù díẹ̀. Àmì kan ṣoṣo náà la tún rí mú bọ̀ láti South Africa. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Amodu kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbin iṣu, kò gún iyán rẹ̀ rí.

Mo bi yín, ẹ̀yin olùkọ́: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ipò kẹta nínú kíláàsì, ṣé a máa ń yọ ọ́ kúrò kí ó tó ṣe ìdánwò àṣekágbá?

Ẹnì kan lè sọ pé a ti pààrọ̀ kóòṣì bẹ́ẹ̀ rí tó dára. Òótọ́ ni. Philippe Troussier ló wà níbẹ̀ nígbà tí a yege fún ti 1998, ṣùgbọ́n Bora Milutinović ló kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Faransé. A na Spain ní 3-2, a sì kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ kí Denmark tó fi 4-1 lù wá. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn? Clemens Westerhof ni, tó lo ọdún márùn-ún, láti 1989 dé 1994. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà: ipò kejì ní Áfíríkà ní 1990, ipò kẹta ní 1992, ife ẹ̀yẹ ní 1994. Ipò kẹta tí wọ́n torí rẹ̀ lé Amodu, Westerhof náà gbà á. Wọ́n ní sùúrù fún un, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó gbé ife wálé. Ohun tó wà nínú àká rẹ̀ la ṣì ń jẹ ní 1998.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Gernot Rohr lo ọdún márùn-ún ó lé, láti 2016. Bóyá ó yẹ kí ó lọ, àwọn ènìyàn ti ń ráhùn. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n yọ ọ́, nígbà tí ìdíje Áfíríkà ní Cameroon ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Ghana gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́ ní Àbújá. Lẹ́yìn náà, nínú ìdíje ìyege fún ti 2026 nìkan, kóòṣì mẹ́ta la lò: José Peseiro, Finidi George, àti Éric Chelle. Finidi kò lò tó oṣù méjì tó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lò kẹ́yìn ni èyí tí orílẹ̀-èdè Benin ti fi 2-1 borí wa ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ta sì ni kóòṣì Benin lọ́jọ́ náà? Gernot Rohr ni! Títì márosẹ̀ tó gba Ọ̀jọ́ àti Okokomáíkò kọjá yìí, bí ẹ bá tẹ̀lé e láìyà, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló máa gbé yín dé, Benin ló sì wà lódìkejì. Ọgbọ́n tí a lé jáde nílé kò rìn jìnnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, DR Congo fi pẹ̀nárítì lé wa kúrò pátápátá.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé Côte d'Ivoire, torí ẹni tó bá ta kò mí yóò mú un wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n lé kóòṣì wọn, Jean-Louis Gasset, láàárín ìdíje. Emerse Faé tó bọ́ sípò rẹ̀ sì gba ife, àwa gan-an ló nà ní àṣekágbá. Ṣùgbọ́n igbákejì Gasset ni Faé. Ó mọ àwọn ọmọ náà, ó mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Orí yí padà, ọpọlọ kò yí.

Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n ń lé kóòṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí sáà bá parí ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Jerry Yeagley ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ ọkùnrin Yunifásítì Indiana láti 1973 dé 2003, ó sì gba ife orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Todd ọmọ rẹ̀, tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà ní 2010, ó sì gba ife ní 2012.

Kí ló kan àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́? Ó kàn wá gidigidi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ní ìwé kékeré kan. Ibẹ̀ ló ń kọ ẹni tí orúnkún ń dùn sí, àti ẹni tí kì í jẹun kí ó tó wá. A pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì tuntun ní kí gbogbo wa sá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi tí orúnkún ń dùn kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀lẹ, ó sá a. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà fi parí. Kóòṣì tuntun kò ṣe ibi, kò mọ̀ ni.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń gba kóòṣì síṣẹ́, ní Àbújá tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí kóòṣì lọ, kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìdíje. Kí igbákejì rẹ̀ dúró, kí ó lè fi ilé han àlejò. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà mìíràn tí ariwo bá sọ pé kí kóòṣì máa lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀.