Ahọ́n Irin àti Ahọ́n Ìlù: Àyẹ̀wò Ipò Hàmóníkà nínú Orin Blues àti nínú Orin Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti máa sọ pé hàmóníkà ń "sọ̀rọ̀" nínú orin blues. Bí gbólóhùn yìí bá dé etí ọmọ Yorùbá, gángan àti ìyáàlù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Láti ibẹ̀, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó parí èrò sí pé irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ahọ́n irin inú hàmóníkà àti awọ ìlù ń sọ, àti pé ẹ̀rí ìbátan tó dájú nìyẹn jẹ́. Èrò yìí ni pépà yìí fẹ́ gbé lé orí ìwọ̀n. Kì í ṣe nítorí hàmóníkà nìkan ni ó ṣe yẹ bẹ́ẹ̀. Bí "sísọ̀rọ̀" bá di orúkọ fún gbogbo ohun èlò orin tó bá ti dún bí ohùn ènìyàn, iṣẹ́ àwọn ọmọ Àyàn yóò pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ nínú lámèyítọ́ Yorùbá. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Òkè-Odò ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tí onígángan bá kì níbi àríyá mọ̀ pé orúkọ òun ni a dá. Kò sí ẹni tó máa ń sọ fún un pé ìlù náà kàn dún bí ohùn ènìyàn.

2.0 Bí Ohun Èlò Náà Ṣe Rí

Ilẹ̀ Jámánì ni hàmóníkà tí àwọn olórin blues ń lò ti wá. Ní 1857 ni Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Trossingen, ní 1896 sì ni ilé iṣẹ́ náà gbé irú èyí tí wọ́n ń pè ní Marine Band jáde. Ihò mẹ́wàá ló ní. Ahọ́n irin pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń dún bí a bá fẹ́ èémí sí i, èkejì ń dún bí a bá fa èémí láti inú rẹ̀. Àpapọ̀ ahọ́n irin náà jẹ́ ogún. Lórí èyí tí a ṣe sí ohùn C, C, E àti G nìkan ni fífẹ́ ń mú jáde láti ihò kìíní títí dé ìkẹwàá. Fífà ló ń mú D, G, B, D, F àti A jáde láti ihò kìíní títí dé ìkẹfà. Orin ijó àti orin ìbílẹ̀ àwọn ará Yúróòpù ni ètò yìí bá mu. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí F, kò sì sí A.

Ohun méjì ni àwọn olórin blues ṣe sí ètò yìí. Èkínní ni pé wọ́n kò gbé orin wọn ka orí C tí a tìtorí rẹ̀ ṣe hàmóníkà náà. Orí G ni wọ́n gbé e kà. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ohùn fífà ló wá di òpómúléró orin, F tó wà ní ihò karùn-ún sì di ohùn keje tó relẹ̀ díẹ̀, irú èyí tí orin blues kò lè ṣe láìní. Èkejì ni títẹ ohùn ba. Bí olórin bá ń fa èémí, tó sì yí ipò ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà, ahọ́n irin méjèèjì inú ihò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í darí ara wọn, ohùn tó ga yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìtòsí ohùn kejì tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ihò kẹta, B lè sọ̀kalẹ̀ dé B rírẹlẹ̀, dé A, àní dé A rírẹlẹ̀. Ní ihò kejì, G lè sọ̀kalẹ̀ dé F. Báyìí ni F àti A tí ẹni tó ṣe ohun èlò náà kò fi sí ìsàlẹ̀ ṣe jáde láti ẹnu olórin.

Kókó tó yẹ kí lámèyítọ́ dì mú níbí ni pé àléébù ohun èlò náà gan-an ni àwọn olórin sọ di ọ̀nà. Àwọn tó ṣe é kò rò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun òyìnbó ni hàmóníkà wí òtítọ́ nípa irin àti igi rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohunkóhun nípa orin rẹ̀.

3.0 Ipò Hàmóníkà nínú Orin Blues: Ègbè

Ẹsẹ orin blues tó wọ́pọ̀ jù ní ìlà mẹ́ta. Akọrin yóò kọ ìlà kìíní, yóò tún un kọ, yóò sì fi ìlà kẹta dá a lóhùn. Ìwọ̀n ìlù mẹ́rin ni wọ́n pín fún ìlà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlà náà kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Àyè tó ṣẹ́kù ni ohun èlò orin ń wọ̀. Nínú àyè yìí ni hàmóníkà ti rí ipò rẹ̀. Sonny Terry, afọ́jú olórin tó gbé ayé láti 1911 sí 1986, mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere: òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọrin, òun ni yóò ké, òun náà ni yóò sì fi hàmóníkà gbè é, tí èémí kan kò fi ní í jìnnà sí èkejì. Iṣẹ́ tí àwọn elégbè ń ṣe lẹ́yìn oníjálá tàbí lẹ́yìn olórí akọrin dadakúàdà ni hàmóníkà ń ṣe níhìn-ín. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọrin, ó ń jẹ́rìí sí i, ó sì ń dá a padà fún un.

Ẹnì kan lè fi àwọn orin tí hàmóníkà ti dá dúró tako èyí. DeFord Bailey (1899–1982) ti gbé "Pan American Blues" jáde ní 1927, níbi tó ti fi hàmóníkà sín ìró ọkọ̀ ojú irin jẹ. Ní 1952, Little Walter (1930–1968) fi hàmóníkà nìkan ṣe aṣáájú nínú "Juke". Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a kọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní láàrin àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé ègbè ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ìyáàlù bá dánu dúró lẹ́yìn ìró gígùn kan, ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ló wí?" Ìdáhùn sì máa ń wà. Kò sí ẹni tó lè bi irú ìbéèrè yìí nípa "Juke" kí ó sì retí gbólóhùn kan ní ìdáhùn. Ẹwà rẹ̀ kò dín kù nítorí èyí. Ibi tí ẹwà náà wà ló yàtọ̀.

4.0 Ṣé Hàmóníkà Lè Sọ Yorùbá?

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ohun èlò náà ni kò lè sọ̀rọ̀, tàbí àwọn ènìyàn ni kò fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí a bá wo èdè Yorùbá, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè kì í já bọ́ lójijì. Ńṣe ló ń yọ̀ọ́ rodò, bí ó ti rí nínú "rárà". Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ ń yọ̀ọ́ ròkè, bí ó ti rí nínú "ìlú". Ìyọ́ ohùn yìí ni onídùndún ń mú jáde nígbà tó bá ń fún ọṣán mọ́ra tàbí tó bá ń dẹ̀ ẹ́. Hàmóníkà náà lè ṣe é. Bí olórin bá fa ihò kẹta tó sì tẹ̀ ẹ́ ba, ìrísí "rárà" yóò jáde. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti tẹ̀ ẹ́ tó sì tú u sílẹ̀, ìrísí "ìlú" yóò jáde. Ihò kan ṣoṣo yìí tilẹ̀ ní àyè tó fún ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, kò tọ́ láti wí pé irin kò lè sọ Yorùbá. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìrísí ohùn nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni "ilé", òun ni "ọkọ́", òun náà ni "owó". Bí ìlù bá dún bẹ́ẹ̀ lásán, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó ń wí. Ohun tó ń mú kí a mọ̀ ọ́n ni pé inú oríkì, inú òwe tàbí inú gbólóhùn tí àwùjọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni onílù ti ń yọ ọ̀rọ̀, àti pé ìdílé kan wà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè náà láti kékeré. Ìmùlẹ̀ wà láàrin ọwọ́ onílù àti etí àwùjọ. Kò sí irú ìmùlẹ̀ yìí láàrin olórin hàmóníkà àti àwọn tó ń gbọ́ blues. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kì í fi ohùn yàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, fún ìdí èyí, wọn kò nílò rẹ̀. Ohun tí hàmóníkà mú lára ohùn ènìyàn ni igbe, ẹkún, ẹ̀rín àti ìmí ẹ̀dùn.

5.0 Ẹ̀rí láti Inú Orin Yorùbá

Bí àlàyé òkè yìí bá tọ̀nà, ó yẹ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí hàmóníkà àti àwọn ìbátan rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá jẹ́rìí sí i. Nínú wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn kan a máa fọn hàmóníkà láàrin orin kan àti èkejì. Àlàfo ló ń dí. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister (1948–2010) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ wéré di fújì, ìlù ló pọ̀ sí i, dùndún sì rọ́wọ́ mú; hàmóníkà kò di òpó kankan nínú orin náà. Ohun èlò tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ níbi tí àwọn elédè ti pé jọ kò lè ṣàì di àlejò.

Ẹ̀rí I.K. Dáíró (1930–1996) tilẹ̀ lágbára jù. Òun ló sọ àkọ́díọ̀nì di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ jùjú lẹ́yìn tó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ tó di Blue Spots lẹ́yìn náà. Ahọ́n irin ló wà nínú àkọ́díọ̀nì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú hàmóníkà, ṣùgbọ́n èémí ẹnu kò kàn án. Nítorí náà kò ṣeé fi ọ̀fun tẹ̀ ba. Dáíró kò sì wá ọ̀nà láti tẹ̀ ẹ́. Ó fi í ṣí orin, ó fi í gbe ohùn akọrin, ó sì fi ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún gángan. Ó pín iṣẹ́ fún oníṣẹ́. Olórin blues tí kò ní gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ní láti fi èémí ara rẹ̀ wá ohun tí irin kò fẹ́ fún un.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú Savannah Syncopators tó kọ ní 1970, Paul Oliver dámọ̀ràn pé kí àwọn tó ń wá orírun blues ní Áfíríkà yí ojú sí ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí àwọn olókùn ti ń kọrin, dípò àgbègbè etíkun tí ìlù ti gbilẹ̀. Kò di dandan kí a gba gbogbo ohun tó wí, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi gángan ṣe bàbá hàmóníkà. Ìbátan lè wà láìjẹ́ pé ojú jọ ojú. Ohun tó so orin méjèèjì pọ̀, tó sì ṣeé tọ́ka sí, ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn: ẹnì kan kì í dá orin kọ láìsí ẹni tí yóò gbè é. Ìdáhùn náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ igbe. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti sọ èyí tó jẹ́. Bí ó bá pe igbe ní ọ̀rọ̀, kò bu iyì kún igbe. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ nítòótọ́ ló fi ìyẹn bu iyì rẹ̀ kù.