Ara Nínú Dígí, Dígí Lára: Lalique àti Ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀

Èdè méjì ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ̀wé lórí dígí. Bí ó bá jẹ́ René Lalique, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1860 tó sì kú ní 1945, ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èdè ẹwà ni wọ́n ń lò: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rọra wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, bí àwọ̀ ṣe ń yí padà létí ewé tó yà sí i lára. Bí ó bá jẹ́ dígí Ilé-Ifẹ̀ ni, èdè náà a di ti yàrá àyẹ̀wò: ìwọ̀n kálísíọ̀mù, ìwọ̀n alumínà, ọ̀rúndún báyìí sí báyìí. N kò bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wí. Láìsí iṣẹ́ wọn, ilẹ̀ òkèèrè ni a ì bá ṣì máa gbé dígí Ifẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tí yóò béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára lójú, àti ọ̀nà tó gbà dára. Ìbéèrè lámèyítọ́ nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú Lalique gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ó fi ṣe ìfiwéra.

Oníṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ni Lalique kó tó di onídígí. Ní Paris, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi dáyámọ́ńdì díwọ̀n iyì, ìwo ẹranko àti dígí ni òun ń tò mọ́ wúrà, tó fi ń ya kòkòrò, òdòdó àti irun obìnrin. Ìgò lọ́fíńdà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún François Coty láàárín 1907 sí 1910 ló gbé e wọ iṣẹ́ dígí pátápátá. Ìgò lọ́fíńdà gbọ́dọ̀ pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jọra, nítorí náà mọ́ọ̀dù onírin, tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí nínú, di ohun èlò rẹ̀ pàtàkì. Ní 1921 ló dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Wingen-sur-Moder ní agbègbè Alsace, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, Marc, sọ iṣẹ́ náà di ti krísítálì tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́tà R sì kúrò níwájú orúkọ tí wọ́n ń kọ sí ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù yìí kì í ṣe tuntun létí àwa tí a ń gbé Manchester. Ní Ancoats, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Piccadilly, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Molineaux Webb àti Percival Vickers ń tẹ dígí nínú mọ́ọ̀dù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò lówó krísítálì gígé fi lè ní àwo tó ń dán lórí tábìlì rẹ̀. Ní Salford, ní 1874, John Derbyshire tẹ kìnnìún dígí jáde. Àwọn kìnnìún Landseer tó wà ní Trafalgar Square ní London ló wò ṣe é. Ọgbọ́n kan náà ni òun àti Lalique ń lò. Ibi tí Lalique ti yọ sílẹ̀ ni pé kò fi mọ́ọ̀dù ṣe àfarawé dígí gígé. Ó jẹ́ kí apá kan ṣú bí ìkùukùu, kí apá kejì mọ́ gaara, kí ojú lè máa rìn láàárín méjèèjì. Nínú ìkòkò òdòdó rẹ̀ tó ń jẹ́ Bacchantes, ti 1927, àwọn obìnrin oníhòhò dúró yí ìkòkò náà ká, èjìká kan èjìká. Bí a bá gbé fìtílà sẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré lára wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní bù ú kù kí ti Ifẹ̀ lè ga.

Ó ní ọ̀nà mìíràn fún iṣẹ́ tí kì í ní ìkejì. Yóò fi ìda mọ ohun tó fẹ́, yóò fi ohun tó le bò ó, yóò yọ́ ìda náà dànù, kí dígí lè gba àyè rẹ̀. Lára mélòó kan nínú wọn, a ṣì ń rí ìtẹ̀ka ẹni tó mọ ìda náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ka èyí yóò rántí Wúnmọníjẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti hú àwọn orí bàbà àti idẹ jáde ní 1938: ọ̀nà ìda kan náà ni, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú Lalique. Ifẹ̀ mọ ìda, Ifẹ̀ mọ dígí. Kí ló dé tí wọn kò fi dígí ya orí?

Pé Ifẹ̀ mọ dígí kì í ṣe àhesọ mọ́. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun ní 1910, ó rí ẹ̀rí iṣẹ́ dígí níbẹ̀, ó sì lọ ń wá àwọn ará Atlantis tí yóò gbé ògo rẹ̀ fún. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ tí kò tilẹ̀ ka Atlantis sí ṣì gbà pé dígí ilẹ̀ òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ní 2006 ni James Lankton, Akin Ìgè àti Thilo Rehren fi àyẹ̀wò hàn pé irú dígí kan wà, tí kálísíọ̀mù àti alumínà pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò bá ti ilẹ̀ òkèèrè kankan mu, tó sì tọ́ka sí Ifẹ̀. Abídèmí Babalọlá wá gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó ju 12,000 lọ, àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí. Ó fi iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà ni wọ́n fà: wọ́n á fa dígí gbígbóná tó ní ihò nínú gùn bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi iná pa etí rẹ̀ kó lè dán. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí rìn dé Gao ní ilẹ̀ Mali.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè òkè yìí ni pé Lalique gbé ara ènìyàn sínú dígí, Ifẹ̀ gbé dígí sára ènìyàn. Ẹ wo ère ọba onídẹ tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957. Ìlẹ̀kẹ̀ bo àyà rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́, ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹ mú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, ọba kò sí níbẹ̀ mọ́. Idẹ àti amọ̀ ni wọ́n fi ń ya ara. Iṣẹ́ ti dígí ni láti sọ ara náà di ti ẹni àyẹ́sí. Ẹnìkan lè sọ pé bóyá iná wọn ni kò tó láti da dígí sínú mọ́ọ̀dù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀: irú dígí tí Ifẹ̀ ń ṣe ń fẹ́ iná tó le ju ti ọ̀pọ̀ dígí ìgbà náà lọ. Wọ́n yàn ni.

Bí a bá gba èyí, ìwọ̀n tí a ó fi wọn ẹwà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Ìkòkò Bacchantes pé ní ọjọ́ tó jáde nínú mọ́ọ̀dù. Sẹ̀gi kan ṣoṣo kò tíì pé. Ó ń dúró de okùn, ó ń dúró de ọrùn, ó ń dúró de ìgbésẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìgbéyàwó àwa Yorùbá ní Manchester, tó gbọ́ ìró ìlẹ̀kẹ̀ kí ìyàwó tó yọ sí gbọ̀ngàn, mọ ohun tí mo ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ti òde òní.

Àwọ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ. Lalique di olókìkí nípa dígí kan tó funfun bíi wàrà, tó ń ta sí búlúù bí a bá wò ó lásán, tó sì ń di àwọ̀ oyin bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Mélòó kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ náà ní ojú méjì: àwọ̀ aró ni lójú ẹni tó wò ó lásán, àwọ̀ ewé ni bí a bá gbé e sójú oòrùn. Ní ti Lalique, wọ́n kọ odindi ìwé lé e lórí. Ní ti Ifẹ̀, ìlà kan ni nínú àtẹ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ lára awọ dúdú. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá sinmi lé àyà, ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà, aró ló máa hàn. Nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jó, tí ìlẹ̀kẹ̀ bá fò kúrò lára, ewé á ṣẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan, á sì tún wọlé. Ijó ló ń yí àwọ̀ náà padà.

Ní ti orúkọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbuwọ́lù “R. Lalique” bo ọ̀pọ̀ ọwọ́ mọ́lẹ̀ ní Wingen, Igbó Olókun kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún wa, òrìṣà ọrọ̀ nìkan ló ń jẹ́ orúkọ ibẹ̀. Àìlórúkọ kì í ṣe ìdí láti má ṣe lámèyítọ́.

Èyí tó kàn wá jù ni bí wọ́n ṣe ń pàtẹ wọn. Bí wọ́n bá tẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sórí aṣọ funfun, tí wọ́n tan iná sí i láti òkè, ojú kan ṣoṣo ló kù fún un. Okùn kan, iná kan láti ẹ̀yìn, àti ohun kékeré tí yóò máa mì ín: ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn, kí n tó ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀.