Ọwọ́ Onílù Lórí Gìtá: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Lionel Loueke

Bí a bá gbọ́ olórin tí ó kó orin ilẹ̀ púpọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni àmúlùmálà. Ẹni tí ó bá gbọ́ gìtá Lionel Loueke lẹ́ẹ̀kan péré lè fi ọ̀rọ̀ yìí kàn án, nítorí pé jáàsì Amẹ́ríkà àti orin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó jọ ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Èrò tiwa yàtọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni a gbọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìlù sì ni orísun ohùn náà.

Kútọnu ni a ti bí i ní ọdún 1973, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ọdún 1975 ni ó di Bẹ̀nẹ̀. Ìlù ni ó kọ́kọ́ ń lù. Ó tó ọmọ ọdún 17 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ gìtá. Okùn gìtá ṣọ̀wọ́n fún un nígbà náà. A máa rẹ èyí tí ó ti gbó sínú ọtí kíkan kí ó lè tún dún. Bí ó bá sì já, okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó fi ń dí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Abidjan, ní Paris, àti ní Berklee ní ìlú Boston. Ní ọdún 2001 ó wọ Thelonious Monk Institute, lẹ́yìn tí Herbie Hancock, Wayne Shorter àti Terence Blanchard ti dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa fi bébà há abẹ́ okùn, kí ohùn wọn lè kúrú, kí ó sì gbẹ bí ohùn agídìgbo. Ó ń fi ìka gbá ara gìtá, ó ń fi ahọ́n dún kọ́, kọ́, kọ́, ó sì ń fi èdè Fọ̀n kọrin sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n onílù, onígìtá àti akọrin ni à ń gbọ́.

Nínú àwo Karibu ti ọdún 2008, ó to àwọn orin tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Naima ti John Coltrane àti Skylark ti Hoagy Carmichael. Orin tí ó pè ní Seven Teens ń ka ìlù rẹ̀ ní 17, síbẹ̀ kò dún létí bí ìṣirò: ẹsẹ̀ olùgbọ́ yóò ti máa mì kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun kà á.

A kò ní torí ìyìn fi àléébù pamọ́. Nínú Heritage ti ọdún 2012, okùn onírin ni ó lò, dùùrù Robert Glasper sì wà níbẹ̀. Ariwo pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ìró wẹ́wẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí í ṣe ẹwà rẹ̀, sá pamọ́ lábẹ́ ariwo náà.

Àwo HH ti ọdún 2020 ni ó dá ẹjọ́ náà fún wa. Òun nìkan ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú gìtá rẹ̀, àwọn orin Hancock ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kódà Rockit ti ọdún 1983, tí ẹ̀rọ gbé dìde, di orin ìka àti ahọ́n. Bí iṣẹ́ Loueke bá jẹ́ àdàlù lásán ni, kíkó tí a kó àwọn yòókù kúrò ì bá sọ ọ́ di òfìfo. Dípò bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó ti kún jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gba orin lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì fi ọwọ́ ilé rẹ̀ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ pẹ̀lú. Àtikọ àmúlùmálà sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro rárá. Kí a tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ọwọ́ kan náà ni ó ṣe gbogbo rẹ̀.