Ta Ni Ó Mọ Ìkòkò Tábà Yìí?

Àwọn àgbà a máa wí pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n èdè wa kò fi orúkọ ya ìkòkò ọbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò tábà. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, amọ̀ ni a fi mọ àwọn méjèèjì, iná ni ó sì sọ wọ́n di ohun èlò. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà amọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìkòkò ńlá àti ìṣà omi ni à ń yìn. Ìkòkò kékeré tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń fi sí ẹnu ní ìrọ̀lẹ́ kì í sábà rí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ìbéèrè ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. A kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, a sì rí ìkòkò tábà méjì nínú àpótí onígíláàsì kan. Èkíní tóbi, ọ̀pá rẹ̀ gùn, wọ́n fi idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì kọ orúkọ ọba tí wọ́n ní ó mu ún sí abẹ́ rẹ̀. Èkejì kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Amọ̀ pupa ni, iná ti sọ ẹnu rẹ̀ di dúdú. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ ní èdè Faransé pé amọ̀ ni a fi ṣe é, a kò sì mọ ẹni tí ó ṣe é. Ọmọ náà ní: ẹni tí ó mu tábà ni a mọ̀ yìí, ẹni tí ó mọ ìkòkò ńkọ́? A kò rí èsì fún un níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọwọ́ tí ó ṣe é. Amọ̀ tí a ó fi mọ ìkòkò tábà gbọ́dọ̀ kúnná ju amọ̀ ìṣà lọ. A ó ṣà á, a ó yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, a ó gún un, a ó sì pò ó mọ́ èérún àpáàdì kí ó má baà sán nínú iná. Amọ̀kòkò yóò wá fi ìka ṣí ihò orí rẹ̀, yóò fa ọrùn rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ọrùn náà títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé. Ibi ìpàdé yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà wà. Bí igi bá yà díẹ̀, èéfín kò ní rí ọ̀nà. Bí ihò bá sì tóbi jù, ewé tábà yóò máa bọ́ wọ ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e sí ibòji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀, yóò fi òkúta dídán ra á lára, yóò sì sun ún nínú iná gbangba. Ọ̀pá kò sí lára rẹ̀: ẹni tí ó rà á ni yóò wá igi oníhò tí yóò fi bọ ọrùn rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àìlọ́pá yìí jẹ́ àbùkù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Gouda ní ilẹ̀ Hólándì ń fi amọ̀ funfun ṣe ìkòkò tábà nínú àwòkọ́ onírin, orí àti ọ̀pá pa pọ̀, wọ́n sì ń kó o wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá rẹ̀ bá ṣẹ́, kò sí àtúnṣe. Tiwa, bí ọ̀pá bá jó tàbí tí ó ṣẹ́, a ó gé òmíràn. Ẹni tí ó fẹ́ kí èéfín tutù kí ó tó dé ẹnu yóò lo ọ̀pá gígùn. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lóko yóò lo kúkúrú kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbòfo. Nítorí náà, ẹ̀wà ìkòkò yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìlò rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ dá a lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó fúyẹ́, bóyá ó ń fà dáadáa, bóyá kò jó ọwọ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Saint-Claude ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń fi gbòǹgbò igi bruyère gbẹ́ ìkòkò tábà, fi ń dá iṣẹ́ ara wọn lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ìlò ni ọ̀ṣọ́. Nǹkan tí a rí lára ìkòkò amọ̀ inú àpótí yẹn ni ilà tí a fín yíká ọrùn rẹ̀, àti àpá ṣùkù àgbàdo tí a yí lórí amọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Àwọn amọ̀kòkò wa, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ń yí ṣùkù bẹ́ẹ̀ sára ìkòkò ọbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ibẹ̀ náà ni tábà ti wá, lórí omi òkun kan náà. Amọ̀ nìkan ni kò rin ìrìn àjò. Ìdí nìyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń fi ìkòkò tábà mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń wà: ibi tí ó bá ti yọ jáde, ilẹ̀ náà kò lè ti dàgbà ju ìgbà tí tábà dé ọ̀dọ̀ wa lọ. Síbẹ̀, àwọn baba wa sọ àlejò yìí di onílé kíákíá. Àwọn agbẹ́gilére gbé ìkòkò tábà sí ẹnu Èṣù fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti ń gbé fèrè sí i nínú ère mìíràn. Ohun tí ó bá dé ẹnu Èṣù, tí ó ń ṣọ́ oríta àti ọjà, kì í tún ṣe àjèjì mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjà wo ni tábà gbà dé? Ibí yìí ni ìyìn wa gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀. Pierre Verger, tí ó tẹ Ifá ní Kétu tí ó sì gba orúkọ Fátúmbí, fi ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1968 hàn wá bí tábà Bahia ṣe di owó òwò ẹrú ní etíkun wa. Ewé tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Lisbon ni wọ́n ń ká bí okùn, tí wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára, tí wọ́n sì ń kó wá sí Ouidah àti Àjàṣẹ́. Ènìyàn ni wọ́n fi ń gbà padà. Nígbà náà, a kò lè mú ìkòkò kékeré yẹn dání kí a máa sọ̀rọ̀ ọrùn àti ilà nìkan. Lára ohun tí ó jó nínú rẹ̀ ni iye owó ọmọ ẹlòmíràn.

Ìkòkò ọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti rí àwòrán Béhanzin, ọba Dàhòmì, pẹ̀lú ìkòkò tábà ọlọ́pàá gígùn ní ẹnu. Àwòrán ọba tí a ṣẹ́gun ni, tí àwọn Faransé kó lọ sí ìgbèkùn ní Martinique ní ọdún 1894, tí ó sì kú ní Algiers ní ọdún 1906. Iyì tí ó wà nínú àwòrán náà kò ṣeé sẹ́: wọ́n gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé ìkòkò náà àti ìjókòó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ará Kétu tí ó bá ń wo ìkòkò ọba Dàhòmì kò sì lè gbàgbé pé ní ọdún 1886 ni ọmọ ogun Glèlè, baba Béhanzin, run Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Iṣẹ́ ọnà kan náà lè jẹ́ iyì fún ẹnìkan kí ó jẹ́ egbò fún ẹlòmíràn. Lójú tiwa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bá sọ ọ̀kan tí kò sọ èkejì kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹnìkan wà tí ó ti sọ méjèèjì pọ̀. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́, to kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù 304 bí àwòrán ọkọ̀ ẹrú, ó pè é ní La Bouche du Roi, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní ọdún 2007. Tábà wà lára ohun tí ó fi sí i. Kò fi tábà náà pamọ́, kò sì fi ẹ̀bi lé ẹnìkan lórí kí ó dá ẹnìkejì láre: ọba tí ó tà àti òyìnbó tí ó rà ni ó fi sínú ọkọ̀ náà. Òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́ kí a kọ sí abẹ́ ìkòkò kékeré inú àpótí.

A kò kọ èyí láti pe ẹnikẹ́ni sí ibi tábà. Ibi tí ó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró kò farasin. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Oníṣẹ́ Gouda a máa tẹ àmì tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí náà ni a ṣe mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn títí di òní. Amọ̀kòkò tiwa kò tẹ àmì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà yí ṣùkù àti bí ó ṣe fín ilà jẹ́ àmì fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Ìyá arúgbó tí ó ti mọ ìkòkò fún ọdún púpọ̀ lè gbé àpáàdì kan sókè kí ó sọ abúlé tí ó ti wá. Nítorí náà, kí a tó kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tí ó ṣe é, ó yẹ kí a ti bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ léèrè.

Èsì tí a jẹ ọmọ náà padà ní kíláàsì nìyí: a kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí pé a kò tíì béèrè. Nígbà ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò gbé ìwé àti kálàmù lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọn àgbà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ẹ̀yin tí ìkòkò tábà ìyá yín ṣì wà ní àjà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé pé ta ni ó mọ ọ́n. Bí ó bá rántí, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.